Ọkọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ìbòrí Tí O Rán

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Ẹyinjú mi, wọ́n ti fẹ́ tà á. Mò ń gba ẹ̀yìn ọgbà ọkọ̀ kọjá lọ ra bíríkì ni mo rí i, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé títà ni. O mọ èyí tí mò ń wí. Ọkọ̀ onígbòkun tó wà ní igun ọgbà, èyí tí o rán ìbòrí fún, tí o ní ó dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ìbòrí rẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti ya níbi mélòó kan, ṣùgbọ́n aṣọ ló ya, ojú abẹ́rẹ́ rẹ kò tú.

Òjò kò rọ̀ lónìí. Mi ò ra bíríkì mọ́.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹjọ

Mo padà lọ. Ọlọ́gbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn. O rántí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òdìkejì odò ni ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà.

"Bàbá Bíríkìlà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè ìyàwó yín."

Mo ní ẹ ṣé. Mo bi í pé èló ni ọkọ̀ yẹn.

"Èwo? Aláìsàn yẹn? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ọkọ̀ kì í ṣe tòmátì, Bàbá, tí èèyàn máa ń kàn béèrè owó ẹ̀."

Owó tó pè kò ju ti mọ́tò àlòkù kan lọ. Ó ní ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ tí kò sẹ́ni tó gbé e, òun máa fi ayùn gé e ni, nítorí ìjì ń bọ̀, òun ò sì fẹ́ kó wó lu ọkọ̀ àwọn tó ń sanwó.

"Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

"Ó ní òun ń bọ̀. Láti ọdún mẹ́fà ló ti ní òun ń bọ̀." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ẹ gun orí ẹ̀, ẹ wò ó. Wíwò ò gbowó."

Mo gun àkàbà. Mo tú okùn ìbòrí rẹ ní igun kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé bí ẹni tó ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú korobá. Ife kan wà lórí tábìlì, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn nídìí. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò rí èkejì. Wọ́n ká aṣọ ìbora kan dé ìdajì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ padà wá kì í kúrò nílé báyìí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí pákó ilẹ̀, inú mi dùn. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì rẹ́ ẹ dáadáa. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni yẹn pò ó bó ṣe yẹ, ó sì ní sùúrù kó tó dán an. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó tutù, ó jọ̀lọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ tó ní irú ilẹ̀ báyìí kò lè burú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹjọ

Ọmọ wa gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wá láti ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un.

"Ọkọ̀ wo, Bàbá?"

"Èyí tí ìyá rẹ rán ìbòrí fún."

"Gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni Màmá rán ìbòrí fún. Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa rà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Owó dà?"

Mo ní ohun tó wà lọ́wọ́ mi tó ra ọkọ̀ náà, kò tó tún un ṣe. Mo ní ẹni tó ti ń béèrè ilé yìí láti ọjọ́ yìí ṣì ń béèrè.

Ó rọra gbé oògùn náà kalẹ̀ bí ẹni pé ẹyin ni. "Ilé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́. Ilé tí Màmá kú sí."

"Nítorí ìyẹn náà ni."

 Ó ní, "Tí ẹ bá wọ òkun tán, ibo lẹ fẹ́ lọ?"

 Ìwọ lo mọ orúkọ àwọn èbúté tí o fẹ́ kí a tukọ̀ dé, tí o máa ń kà wọ́n fún mi bí o bá ń rán aṣọ. Ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́, mi ò gbọ́ orúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹjọ

Àbúrò rẹ wá nígbà tó parí iṣẹ́ lórí ọkọ̀ èrò ojú omi tó ń wà. O mọ Atukọ̀, kì í fi ojú wo nǹkan, ọwọ́ ló fi ń wò ó. Ó fa okùn, ó mi òpó ìgbòkun, ó fẹsẹ̀ tẹ pákó, ó sì na ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà níwájú pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, arẹwà ni ọkọ̀ yìí."

"Wò ó dáadáa."

"Arẹwà tí ò tíì wẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́."

Ó ní ìgbòkun rẹ̀ ti jẹrà, àwọn okùn irin tó di òpó mú gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ́ńjìn sì ti gan. Ó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka oúnjẹ tó fẹ́ jẹ. Mo fi sìmẹ́ńtì hàn án. Ó yí ẹnu pọ̀.

"Mi ò rí i nínú ọkọ̀ tiwa rí."

"Irin ni wọ́n fi ṣe tiyín."

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ sìmẹ́ńtì. Tí ẹ bá ní ó dáa, ó dáa nìyẹn."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá fẹ́, òpó náà máa ń kùn. Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń dá kùn nínú yàrá, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹjọ

Mo fọ inú rẹ̀ láti àárọ̀. Ọlọ́gbà ní kò burú kí n máa tún un ṣe bí mo ṣe ń rò ó. Ó gbọ́n. Ẹni tó bá ti fọ ilé, ó ti ń gbé ibẹ̀. Mo fọ ife yẹn náà. Mo wá bàtà kejì títí, mi ò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kẹjọ

Òjò ńlá. Mo jókòó sínú ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Omi ń gba ojú fèrèsé méjì wọlé, mo gbé ike sí wọn nídìí. Lábẹ́ ibi tí ìbòrí rẹ kò tíì ya, kò kán rárá. Ibẹ̀ ni mo lọ jókòó sí.

Nígbà tí òjò dá, mo ṣí pákó ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti là lójú kan, ó gùn tó apá mi, omi pupa sì ń sun jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí egbò tí wọn ò wẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ àti irin.

Mo lọ sílé, mo gbé sìmẹ́ńtì tí omi kì í gbà kọjá, èyí tó kù nígbà tí mo rẹ́ ilé ìwẹ̀ wa. Mo gbẹ́ ojú ibi tó là, mo fọ̀ ọ́, mo dí i, mo rẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Omi kò sun mọ́. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti ṣe ohun tó dùn mọ́ mi tó báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹjọ

Atukọ̀ ló ní dandan ni ká pe ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ á sún mọ́ tìrẹ. Ó mú òòlù kékeré kan dání, ó ń lu ara ọkọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń tẹ́tí sí i. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Bí mo ṣe máa ń lu ògiri nìyẹn, láti mọ ibi tí ìrẹ́lé ti ṣí kúrò lára bíríkì. Ara rẹ̀ dún dáadáa níbi gbogbo.

"Ara ẹ̀ le," ó ní. "Wọn kì í fi fáíbà tó nípọn báyìí ṣe ọkọ̀ mọ́."

Atukọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà wọ inú, tó ṣí pákó ilẹ̀. 

"Ta ló da èyí síbí?"

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Kó lè le ni."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹsẹ̀ irin ńlá tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí, òun ni kì í jẹ́ kó dojú dé nínú omi. Bóòtù ló dè é mọ́ ọkọ̀. Orí àwọn bóòtù yẹn wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì yìí. Ẹ fọ́ ọ kí n wò wọ́n."

"Irin tó bá wà nínú sìmẹ́ńtì, títí ayé ni," mo ní. "Iṣẹ́ tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn."

"Nínú ilé ni, sà. Ilé kì í jó. Èyí máa ń jó lójú omi, omi iyọ̀ á wá ráyè wọ àárín, kò sì ní rí ọ̀nà jáde."

"Iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe."

"Mi ò bá iṣẹ́ jà. Mo ní mi ò rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni."

Mi ò gbà kó fọ́ ọ. Mo ní tí wọ́n bá fọ́ ọ, agbára ọkọ̀ náà máa dínkù. Ibi tí mo dí ló gbé orúnkún lé tó ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ fún un pé ọwọ́ mi ni. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó kúrò létí omi títí ẹ ó fi wò ó." Èmi ló sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n Atukọ̀ ló ń wò. Atukọ̀ ti wà lórí òpó nígbà náà, ó ń súfèé.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹjọ

Okùn ti di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ nígbà tí o wà. Iye ọ̀dà ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí kó má baà bà ọ́ nínú jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹjọ

Ẹni tó fẹ́ ra ilé mú okùn ìwọ̀n wá. Ó wọn yàrá wa. Ó fi ìka lu ògiri tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ilé yìí le o, Alàgbà." Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí bóyá a máa kó bẹ́ẹ̀dì náà lọ. Ọmọ wa dìde ní pálọ̀, ó jáde síta láì wọ bàtà.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹjọ

Ẹ́ńjìn jí! Atukọ̀ ti ń da epo sí i lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó wúkọ́, ó tutọ́ dúdú jáde, ó sì ké. Gbogbo ọgbà pàtẹ́wọ́ fún wa. Atukọ̀ gbá mi mọ́ra, girísì rẹ̀ bà mí láṣọ jẹ́. Lẹ́yìn tó kú padà, ibi gbogbo dákẹ́, mo sì gbọ́ tí nǹkan kan ṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mi ò ṣí i wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù kẹjọ

Mo gba nọ́ńbà ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé Ọlọ́gbà. Mo pè é. Mo ní mo fẹ́ ra ọkọ̀ rẹ̀.  Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọdé ń jà sí nǹkan kan.

"Wọn ò tíì gé e?" ó ní.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan. Ìyàwó mi ti lọ."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wọ̀ ọ́?"

"Èmi nìkan ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyẹn sàn díẹ̀," ó ní, ó sì pa fóònù.

Mo pè é padà, kò gbé e.

Mi ò sọ fún Atukọ̀. Mi ò sọ fún ọmọ wa. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rù kò bà mí. Ara mi fúyẹ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé kó lọ sinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹsàn-án

Ibi tí mo dí ti dúdú, ó tóbi tó àwo. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó tutù ju ibi tó kù lọ. Mo dá pákó ilẹ̀ padà sí i, mo tẹ́ ẹní lé e.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹsàn-án

Mo san ìdajì owó fún Ọlọ́gbà. Kíréènì ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún láti gbé e sínú omi. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ṣèlérí pé n ó fọwọ́ sí ìwé ilé.

Mo ti ń kó ẹrù lọ sínú ọkọ̀. Mo gbé ìrọ̀rí rẹ lọ, àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, àti ìgò òróró ìpara rẹ tó kù díẹ̀. Ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ń gbé ẹ̀rọ náà jáde.

"Bàbá, ti Màmá ni gbogbo ohun tí ẹ ti kó lọ."

"Mo mọ̀."

"Tiyín dà?"

Mo ní n ó kó o tó bá yá. Ó wọlé lọ sínú yàrá mi, ó mú ẹ̀wù òtútù mi jáde, ó sì gbé e lé orí ẹ̀rọ tí mo gbé dání. Nígbà tí mo dé ọgbà ni mo rí i pé mo ti jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò padà lọ wá a.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹsàn-án

Àbúrò rẹ wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó ní òun ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́.

"Ìsinmi kí ni?"

"Kí n lè bá yín lọ ni."

"Mi ò pè ọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbòkun àti kọ́tìn, ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá wọ òkun?"

Ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹyinjú mi, láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ní, "Èmi náà máa bá yín dé èbúté àkọ́kọ́. Ó kéré tán, kí n lè sọ pé mo dé ibi tí Màmá fẹ́ dé."

"Inú ọkọ̀ èrò pàápàá, èébì lo máa ń bì," mo ní.

"Màá gbé ike dání."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í du bẹ́ẹ̀dì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Atukọ̀ ní òun ti gba ti iwájú. Ọmọ wa ní àgbàlagbà kì í rẹ́ ọmọdé jẹ, pé kí àbúrò ìyá òun lọ tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀.

"Ẹní ti wà níbẹ̀," Atukọ̀ ní. "Bàbá rẹ ti tẹ́ ẹ fún mi."

Mo gbé ife omi tí mo fẹ́ mu kalẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹsàn-án

Mo lọ bá Atukọ̀ ní èbúté, mo ní kó má bá mi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tọ́ mi?"

"Ìyàwó mi ni."

"Nígbà tí Bàbá wa kú, ta ló fi owó ìránṣọ rán mi nílé ìwé?"

"Òun náà ni."

"Tí mo bá wá rí i lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kan, tó bi mí pé ibo ni mo wà nígbà tí ọkọ òun ń dá wọ omi, kí ni kí n sọ? Kí n ní mò ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò?"

 Ó gbá mi léjìká. "Ẹ lọ ra ẹ̀wù òtútù míì. Ọmọ yín ti fẹjọ́ yín sùn mí."

Rádíò ní ìjì àkọ́kọ́ ti gbéra. Omi òkun rí bí irin.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹsàn-án

Mo pe ọkùnrin tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹsàn-án

Mo dé ibẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Mo mú òòlù ńlá àti irin tí mo fi ń gbẹ́ ògiri. Mo ká ẹní, mo ṣí pákó.

Ó ti dúdú dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bíríkìlà ni mí. Tó bá jẹ́ òkè ni omi ti ń wá, sìmẹ́ńtì máa ń gbẹ tí òjò bá ti dá. Èyí tí omi ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó lo oṣù kan lọ́dọ̀ mi mọ èyí. Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń lọ, mo tẹ́ ẹní lé e. Ní báyìí, orí ẹní yẹn ni àbúrò rẹ fẹ́ sùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ fọ́. Ojú rẹ̀ le, ó ń ta yẹ́ríyẹ́rí sí mi lójú. Lábẹ́ rẹ̀, ti ọkùnrin yẹn rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Ẹrẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, ó ń rùn bí ẹnu aláìsàn. Mo fi ọwọ́ wá orí bóòtù àkọ́kọ́ kàn. Ó tóbi, ó pé, ó dà bí ohun tó lè gbé ilé. Mo dì í mú láti mì í wò, ó sì tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde. Lábẹ́ orí, ó ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí o fi ń rán tápólì. Èkejì rí bẹ́ẹ̀. Nídìí ẹ̀kẹta, mi ò bá nǹkan kan, àfi ihò àti omi pupa. Mi ò wá ìyókù mọ́.

Mo jókòó sórí àwókù náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ ìgbà tí mo dákẹ́, nítorí òpó náà ń kùn lókè mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹsàn-án

"Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ mi?" Ọlọ́gbà ló ń pariwo.

"Ìdajì ẹ̀ tèmi ni."

"Ìdajì wo lẹ wá fọ́ yẹn?"

Mo fi bóòtù hàn án. Ó ní bí gbogbo bóòtù àtijọ́ ṣe ń rí nìyẹn, pé ẹsẹ̀ irin náà ti lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, pé ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ le ju bóòtù lọ. Ó ní òun ti sanwó kíréènì, dandan ni kó gbé e. "Tó bá lọ sókè lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó rí i pé ẹ kàn ba ilẹ̀ tó dáa jẹ́ ni."

Atukọ̀ gba bóòtù náà lọ́wọ́ mi. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó bi mí bóyá obìnrin tó yẹ ọkọ̀ wò sọ nǹkan kan nípa èyí. Mo ní ó sọ ọ́. Ó ní, "Ta ló sọ ọ́ fún?" Mo ní èmi ni. Ó fi bóòtù náà sínú àpò rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹsàn-án

Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀. Kíréènì dé, wọ́n gba bẹ́líìtì fífẹ̀ méjì kọjá lábẹ́ ọkọ̀ náà. Mo ní kí gbogbo èèyàn kúrò nítòsí. Ọlọ́gbà ń rẹ́rìn-ín mi, ṣùgbọ́n òun náà sún sẹ́yìn. Atukọ̀ wá, ó dúró lọ́tọ̀. Ọmọ wa wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn lọ́rùn.

Kíréènì fà. Ọkọ̀ náà han gooro. Ó wá gbéra, ó yá ju bó ṣe yẹ lọ, ó fò sókè bí ike òfìfo, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí bẹ́líìtì.

Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kò gbéra. Ó dá dúró lórí ilẹ̀, bí ògiri kan ṣoṣo tó kù nínú ilé tí wọ́n ti wó. Omi dúdú ń kán láti ìdí ọkọ̀ sórí rẹ̀.  Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ irin náà rọra fara tẹ̀, ó wó, mo sì gbọ́ ọ nínú egungun mi.

Ọmọ wa ti di apá mi mú. Kò wo ọkọ̀ náà, èmi ló ń wò.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?"

 Kò fi apá mi sílẹ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹsàn-án

Mo sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé pé mi ò tà á mọ́. Ó bínú, ó ní òun ti ra kọ́tìn. Ọlọ́gbà dá owó mi padà láì jẹ́ pé mo béèrè, kò sì lè wo ojú mi. Wọn á gé ọkọ̀ náà lọ́la. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ìbòrí. Mo ní kó fi bo ọkọ̀ míì, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dáa.

Atukọ̀ kó ẹrù rẹ wálé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀ síbi tó máa ń wà, ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé mi ò sọ pé mo máa bá yín lọ ńkọ́?" Mo ní kó jókòó kó jẹun. Kò jókòó, ṣùgbọ́n ó jẹun lórí ìdúró.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹsàn-án

Ìjì náà dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì tíì lọ. Láti fèrèsé ìdáná, mo ń rí i bí omi ṣe ń fò kọjá odi èbúté. Rádíò ní ọkọ̀ apẹja kan kò tíì padà, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, mo sì pa á.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ wa ti ń sùn sórí àga ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní ooru yàrá òun pọ̀. Kò sí ooru kankan. Mo mọ ohun tó ń ṣọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ fún un pé ọrùn á máa dùn ún, pé kó padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lónìí.

"Ẹ búra," ó ní.

Mo búra.

"Ta lẹ fi búra?"

Mo ní ìwọ ni. Ó wò mí pẹ́ títí, bí ìwọ náà ṣe máa ń wò mí tí mo bá ní mo ti lo oògùn. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ ìbora rẹ̀, ó kó ìrọ̀rí, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Ẹyinjú mi, mo ti fi ọ́ búra. Má tíì máa retí mi.